Ọba tó fi ọdún méjì ju bàbá tó bí i lọ

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà wa. Páàtì mọ́tò ni mò ń tà ní Àgódi Géètì, n'Íbàdàn níbí. Kìrìsìtẹ́nì ni ẹni tí ìsọ̀ wa jọ fara kan ara. Mo kọ àwọn ibi tí Bíbélì ti tako ara rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, òun ni mo fi ń bá a jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fà á títí ìrun alásàrì fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Látọjọ́ náà kì í kí mi mọ́. Ṣé láádá wà níbẹ̀? Ṣé ìgbàgbọ́ òdodo nìyẹn?

Ìdáhùn: Wa alékúmù sàlámù. Mo ka àwọn tó o kọ ránṣẹ́. Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni ti Ahasáyà, ọba Júdà. Àwọn Ọba Kejì 8:26 ní ẹni ọdún 22 ni nígbà tó jọba. Kíróníkà Kejì 22:2 ní ẹni ọdún 42 ni. Bẹ́ẹ̀, orí 21 Kíróníkà yẹn náà ti ní bàbá rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní ẹni ọdún 32, ó lo ọdún 8, ó kú. Bàbá kú lẹ́ni 40, ọmọ rọ́pò rẹ̀ lẹ́ni 42! Ó tó ohun tí èèyàn ń béèrè. Ṣùgbọ́n má ṣe bí ẹni pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Àwọn onímọ̀ wọn ti rí i tipẹ́; wọ́n ní ọwọ́ adàwékọ ló ṣì í, àwọn ìtumọ̀ mìíràn sì kọ 22 síbẹ̀. Ti Júdásì tó pokùnso nínú Mátíù, tó sì ṣubú tí ikùn rẹ̀ bẹ́ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wọ́n ní okùn ló já. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdáhùn ni.

Bíbéèrè kò léèwọ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà béèrè ni Ọlọ́hun fi ààlà sí nínú Súrà 29, áyà 46: ká má bá àwọn onítírà, ìyẹn àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, jiyàn àfi lọ́nà tó dára jù. Iyàn tó gba kíkí lẹ́nu aládùúgbò, tó tún gba ìrun lọ́wọ́ rẹ, èmi ò rí láádá níbẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́, àwa Yorùbá ti fi orúkọ yẹn pe ẹ̀sìn àwọn Kìrìsìtẹ́nì, bẹ́ẹ̀ ìmáànì gan-an ni. Nígbà tí mọ̀láíkà Jíbíríìlù bi Ànábì léèrè nípa rẹ̀, nǹkan mẹ́fà ló kà: Ọlọ́hun, àwọn mọ̀láíkà rẹ̀, àwọn tírà rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ìkẹyìn, àti kádàrá. Àṣìṣe inú ìwé ẹlòmíì kò sí níbẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá rí ìdáhùn sí gbogbo ìwé kékeré rẹ lọ́la ńkọ́, ṣé ìmáànì tìrẹ á dín? Àwọn Lárúbáwá oko ní àwọn ti gbàgbọ́. Súrà 49, áyà 14 ní kí wọ́n ṣì sọ pé àwọn gbà fún Ọlọ́hun ná, torí ìmáànì ò tíì wọ ọkàn wọn.

Lọ́la, bó o bá ti ń ṣí ìsọ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí i. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ka ìtàn ìbí Ànábì Ísà fún un nínú Súrà Máríyámù, kó o sì jẹ́ kí òun náà sọ tirẹ̀ tán. Alásàrì ọjọ́ yẹn ńkọ́, o ti san án?