Èsì: Omi àti ariwo afẹ́fẹ́ ní òrùlé kékeré tó ń ṣí lórí ọkọ̀ Porsche 911

Ẹ kú ìyọnu. Ẹ ní omi ń kán sí yín léjìká láti òrùlé kékeré tó ń ṣí náà, ẹ sì tún ń gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Omi yẹn kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi rọ́bà etí òrùlé náà (èmi náà ti ra tuntun lásán rí), nítorí ọpọ́n tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gba omi tó bá wọlé, tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń dà á sílẹ̀.

Ẹ ṣí òrùlé náà, kí ẹ rọra da omi díẹ̀ sí igun ọpọ́n náà kọ̀ọ̀kan. Páìpù igun tí omi bá dúró sí ti dí. Okùn ọ̀rá ẹ̀rọ ìgékoríko ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́, ẹ má lo afẹ́fẹ́ táyà, kí páìpù má baà já nídìí.

Bó bá jẹ́ orí eré nìkan ni ariwo ti ń wáyé, ẹ rẹ iwájú ìdérí tó ń ṣí náà sílẹ̀, kí ó fi nǹkan bíi mìlímítà 1 rẹlẹ̀ ju òrùlé ọkọ̀ lọ.