Ṣé èèwọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ kan wọ àárín “to” àti ọ̀rọ̀-ìṣe?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo wà, ìdánwò BEPC ni a fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa fi bíkì pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì tí mo kọ. Àkọ́kọ́ ni ‘I want to quickly finish my work’, ìkejì ni ‘I speak well English’. Ó ní nínú ti àkọ́kọ́, mo ya ‘to’ kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, pé èèwọ̀ ni. Kí ni ìdí èèwọ̀ yìí? Ṣé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pa á mọ́?”

Àbúrò mi, ìlà kejì tọ́ sí ọ. Ti àkọ́kọ́ yẹn, díẹ̀ ló ń pa á mọ́ nínú àwọn tó ni èdè, ariwo àwọn díẹ̀ náà kò sì tíì pé igba ọdún.

Láti sẹ́ńtúrì 13 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ki ọ̀rọ̀ bọ àárín “to” àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé wọn. Ó wá ṣọ̀wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé sẹ́ńtúrì 16 dé 18 yóò tú ojú ìwé títí kó tó rí i. Sẹ́ńtúrì 19 ló tún gbilẹ̀, ìgbà náà ni àwọn kan sì fárí gá. Ní 1834, ẹnì kan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ ju lẹ́tà “P” lọ bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1864, Henry Alford, olórí àlùfáà kàtídírà Canterbury, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí, pé “to” àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yara. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹnì kan tó kọ lẹ́tà sí i ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, onítọ̀hún sì ní bí òun ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń sọ ọ́ wà níwájú rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Wàá gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé Látìn ló fà á: “amare” (“láti fẹ́ràn”) jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò ṣeé là sí méjì, nítorí náà kí Gẹ̀ẹ́sì náà má ṣe là. Àlàyé yẹn gbajúmọ̀, àmọ́ Alford kò fi Látìn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó bá etí rẹ̀ mu ló sọ, àwọn olùkọ́ tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di òfin. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí pàápàá, split infinitive, àwọn ọdún 1890 ló jáde.

Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi kọjú sí wọn. Ní 1892, Bernard Shaw, ará Ireland tó padà di ìlúmọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé eré oníṣe, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí dààmú àwọn èèyàn: ó ní kí wọ́n lé e, kí wọ́n fi ajá tó lóye rọ́pò rẹ̀. Ní 1926, H. W. Fowler, tí àwọn olóòtú Gẹ̀ẹ́sì ń fọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀rí, pín àwọn tó ń sọ èdè náà sí ọ̀nà márùn-ún: ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò sì bìkítà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tó ń bìkítà gidigidi, ẹni tó mọ̀ ọ́n tó kórìíra rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tó gbà á, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ń fojú òye wò ó. Ó ní ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ló dára jù. Ẹgbẹ́ kejì ló ń fa ìlà pupa, ṣùgbọ́n má sọ fún olùkọ́ rẹ pé èmi ni mo wí.

Wo èdè méjì tí ìwọ ń lò lójoojúmọ́. Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé ń sọ “pour bien travailler” àti “de ne pas partir”, kò sì sí olùkọ́ Faransé kan tó ń bínú sí i. Yorùbá ńkọ́? “Láti tètè parí iṣẹ́”, “láti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é”, “láti rọra jókòó”, “láti má lọ”. Àárín “láti” àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo wọn wà. Gbìyànjú kí o gbé “tètè” kúrò níbẹ̀, kí o ní “láti parí iṣẹ́ tètè”, kí o sì lọ sọ ọ́ létí ìyá àgbà kan ní Kétu. Yóò bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́.

Ohun tó yẹ kó ká ẹ lára ni ìtumọ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá jókòó sí lè yí i padà. Ká ní bàbá kan fẹ́ ta ilẹ̀. “He decided quickly to sell the land”: ìpinnu ló yá ni, àbí títà? Ẹni tó ń sá fún èèwọ̀ yìí lè kọ ọ́ báyìí kó sì ní títà lọ́kàn, òǹkàwé á gbọ́ ìpinnu. “He decided to quickly sell the land” kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti ilé: “Ó tètè pinnu láti ta ilẹ̀ náà”, “Ó pinnu láti tètè ta ilẹ̀ náà”. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò síbi tí èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà rárá. Bí ìyá kan lọ́jà Ouando bá ń retí pé owó òun yóò ju ìlọ́po méjì lọ, Gẹ̀ẹ́sì á ní “She hopes to more than double her money”. Gbé “more than” síwájú tàbí sẹ́yìn, gbólóhùn náà á dàrú.

Ìbẹ̀rù èèwọ̀ yìí ti dé ibi gíga o. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Barack Obama ń búra, ohun tó wà nínú òfin Amẹ́ríkà ni “I will faithfully execute the office”. Adájọ́ àgbà John Roberts, tó ń pè é fún un, gbé “faithfully” lọ sí ìparí. Obama dúró díẹ̀, ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu níwájú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ìbúra náà ṣe ní White House kí ẹnikẹ́ni má baà rí àríwísí. Steven Pinker, onímọ̀ èdè, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ yẹn pé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó ní kí ọ̀rọ̀ má wọ àárín “to”, tàbí “will” pàápàá, àti ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà lórí adájọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àyà rẹ̀ kàn já ni.

Ó ku ìlà kejì, èyí tó jẹ́ tìrẹ. “I speak well English” kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni: “Je parle bien anglais”. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ya ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò lára ohun tó ń ṣe nǹkan sí. Bákan náà ni “I eat always rice”, tó ti inú “Je mange toujours du riz” wá. Wá sọ ọ́ bí o ṣe máa sọ ọ́ nílé: “Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa”. Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá, “dáadáa” tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bíi “I speak English well”. “Mo sábà máa ń jẹ ìrẹsì” bá “I usually eat rice” mu, “Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an” bá “I like it very much” mu. Àwa ará Àjàṣẹ́ máa ń gba orí afárá Faransé lọ bá Gẹ̀ẹ́sì torí pé ibẹ̀ ni ilé ìwé gbé wa gbà, nígbà tó jẹ́ pé, nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà tilé ló yá jù.

Kò yá níbi gbogbo ṣá o. “Ó tètè dé” kì í di “He early arrived”. “He arrived early” ni. “Ó sábà máa ń wà nílé” sì ń di “He is usually at home”, ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sẹ́yìn “is”. Ìwọ̀nba wọ̀nyí ni kí o kọ́ sórí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kọ “I want to finish my work quickly”. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Tó o bá wá kọjá sí Ìdí-Ìrókò tí o ń bá àwọn oníbàárà sọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ “to quickly finish” bó ṣe wá sẹ́nu rẹ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní fura.