Ẹ Bi Wá: Kí Ni Ọmọ Mi Ń Fi Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Kọ̀ǹpútà Ṣe?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Geneva, ó ní físíìsì àti parallel computing lòun ń ṣèwádìí lé lórí, pé àwọn ń mú nǹkan tín-ín-tín kọlu ara wọn lábẹ́ ilẹ̀, àwọn á wá pín iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Táwọn oníbàárà bá bi mí, mo kàn máa ń ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ni. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àyà mi sì ń já. Kí ló tiẹ̀ dé tí kọ̀ǹpútà ńlá kan ò lè ṣe é tán?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti bọ́ǹbù kúrò ńlẹ̀. Ó jọ pé CERN lọmọ yín wà, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà ní ibodè Swítsàlandì àti Faransé, ìwé àdéhùn tí wọ́n sì fi dá ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1953 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ológun kankan, pé gbangba sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ohun tí wọ́n bá rí sí. Torí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ LHC, òrùka ńlá ni, kìlómítà 27 ni téèyàn bá yí i po, ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ bíi mítà 100. Proton, tó wà nínú átọ́ọ̀mù, ni wọ́n ń lé sáré nínú ẹ̀ títí tá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yá bí ìmọ́lẹ̀, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, wọ́n á wá forí gbárí. Bí wọ́n ṣe rí Higgs boson nìyẹn, nǹkan tín-ín-tín kan tí wọ́n kéde ẹ̀ ní July 4, 2012, tí onímọ̀ físíìsì Peter Higgs ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́dún 1964. Àmọ́ ìgbà mílíọ̀nù 40 làwọn ìdì proton yìí ń pàdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Kò síbi tí wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sí, wọ́n ní láti ṣà á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n da èyí tó pọ̀ jù nù, èyí tí wọ́n sì mú ṣì pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè yẹ̀ wò tán.

Ìyá, ẹ wo àárọ̀ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ tẹ́ ẹ sì ra agbọ̀n epìyà rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin nìkan ò lè ha ìpẹ́ ẹ̀ tán kóòrùn tó mú, ẹ á pe àwọn obìnrin míì, kálukú á mú tiẹ̀, epìyà ọwọ́ ẹnì kan ò sì ní dúró de tẹlòmíì. Bí ìforígbárí kọ̀ọ̀kan ṣe rí nìyẹn, ọ̀kan ò kan èkejì, wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 40.

Ibi tó le gan-an, tí mo sì gbà pé òun ló ń gba oorun lójú ọmọ yín, ni iṣẹ́ tí ò ṣeé pín. Ká ní gbogbo iṣẹ́ ẹja yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 100 fẹ́nì kan, 10 nínú ẹ̀ sì jẹ́ ìdúnàádúrà pẹ̀lú apẹja, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Tí obìnrin 9 bá pín 90 tó kù, ìṣẹ́jú 20 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ kó 900 obìnrin wá, kò ní wálẹ̀ ju 10 yẹn lọ láéláé. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Gene Amdahl ló sọ èyí nípa kọ̀ǹpútà lọ́dún 1967. Ó tún wá ku ti ìwé gbèsè: tí èèyàn méjì bá jọ ń kọ iye sójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tẹnì kan á pa tẹnì kejì rẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ìṣirò fi máa dàrú. Irú àṣìṣe yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ó sì ṣòro rí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ sọ fáwọn oníbàárà yín pé ọmọ yín ló ń pín iṣẹ́ kó má bàa dàrú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kámpọ́ọ̀sì l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kàwé. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní core mẹ́rin ni mo ní, iná náà ń ṣe ségesège. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: O lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, core ni apá tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni core mẹ́rin. Kọ́ C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. CERN ti ń gbé lára dátà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014, wa díẹ̀ jáde níbẹ̀. Kọ́kọ́ fi core kan ṣiṣẹ́ lé e lórí, wo iye àkókò tó gbà, kó o tó fi mẹ́rin ṣe é. Kò ní yá ní ìlọ́po mẹ́rin gẹ́lẹ́, ìdí ẹ̀ ni kó o wá. Kó o sì máa fi iṣẹ́ ẹ pamọ́ lemọ́lemọ́ o, torí iná.