Ẹ má tíì ra odidi bátìrì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Rìwáyà. Nissan Leaf 2013 ni mo rà ní tòkunbọ̀. Bí mo bá ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, tí mo kọjú sí òkè Mọ́kọ́lá báyìí, àwòrán ìjàpá kan á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á sì máa wọ́, bẹ́ẹ̀ iná tó kù nínú bátìrì ju ìlàjì lọ. Mẹkáníìkì wa ní àfi kí n pààrọ̀ odidi bátìrì. Ìwé wáràńtì Amẹ́ríkà wà nínú ọkọ̀ náà. Ṣé ó lè gbà mí? (Ìyá Ìbejì, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrójú. Ní ti ìwé yẹn, ọdún 8 tàbí máìlì 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni Nissan fi dúró ti bátìrì náà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ 2013 ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ odidi bátìrì yẹn ló dùn mí. Bí obì ni bátìrì yín rí: awẹ́ 48 ló ní, sẹ́ẹ̀lì 4, ìyẹn bátìrì kéékèèké, sì wà nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì-méjì ni wọ́n so àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, tí méjì-méjì náà fi tò tẹ̀lé ara wọn lọ́nà 96. Iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí méjì kan bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín agbára kù nítorí tiwọn, ìjàpá yẹn á sì tàn, bí ara àwọn yòókù tilẹ̀ le.

Irú ọkọ̀ yín wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agodi Gate lóṣù tó kọjá. Lórí ìdúró, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ ihò abẹ́ sítíárìn, mo ṣí Leaf Spy, áàpù tó ń ka bátìrì Leaf, lórí fóònù, èmi àti olówó ọkọ̀ sì wà á gun òkè Màpó. Ìlà 96, ìlà kan fún sẹ́ẹ̀lì méjì-méjì, tò lójú fóònù bí eyín òòyà. Bí òkè ṣe ń le sí i, gbogbo wọn ń rọra wálẹ̀, àfi ẹyọ kan tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó di 3.0 volt, àwọn yòókù wà ní 3.7. Awẹ́ kan ṣoṣo la pààrọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣáájì èyí tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kí volt rẹ̀ tó bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyẹn.

Orí òkè ni kí wọ́n ti yẹ tiyín náà wò. Bí gbogbo ìlà bá jọ ń já wálẹ̀, ogbó ni, mẹkáníìkì yín ló jàre. Leaf kò ní omi tó ń tu bátìrì lára, oòrùn wa kì í sì í ṣeré.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan bíi 360 volt ló wà níbẹ̀, ó ń pààyàn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, ẹ bi í pé níbo ni púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bátìrì ńlá wà, àti pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Ìṣẹ́jú 10 ni, ó kéré tán. Bó bá ní bátìrì kékeré iwájú nìkan lòun máa yọ, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.