Ẹ Má Rẹ Àpòòwé Àsìkò Ogun Sómi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo rí àpòòwé méjì nínú àpótí bàbá mi àgbà ní Mọ̀pà. Àbúrò wọn ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti ojú ogun Bọ́mà. Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, kò sì sí sítáǹpù lára rẹ̀ rárá. Èkejì ni bàbá mi fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn ní Enúgu ní 1967, ṣùgbọ́n ó padà wá. Ẹnìkan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà sọ pé àpòòwé méjèèjì ti bàjẹ́. Ó ní kí n ṣí bébà náà kúrò, kí n rẹ sítáǹpù sómi kí ó lè ṣí, òun yóò ra sítáǹpù nìkan. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, gbé abọ́ omi náà kúrò nílẹ̀ ná kí o tó ka ìyókù. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, láti Ìsánlú títí dé Ìyàrà, ìmọ̀ràn omi yìí kan náà ni wọ́n sì máa ń fún gbogbo yín. N kò fẹ̀sùn kan ọkùnrin náà, nítorí n kò bá a pàdé rí. Ó jọ pé sítáǹpù nìkan ni òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó dáhùn èyí fún mi: sítáǹpù wo ni ó fẹ́ rẹ kúrò lára àpòòwé Bọ́mà tí kò ní sítáǹpù?

Ohun tí ó pè ní ìbàjẹ́ yẹn gan-an ni àwa tí a ń kó àpòòwé ogun jọ ń wá kiri. Nígbà ogun Hitler, ìjọba yan àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa tú lẹ́tà wò kí àṣírí ogun má baà jáde. Wọn a fi abẹ gé ẹ̀gbẹ́ àpòòwé, wọn a kà á, wọn a sì fi bébà tí a tẹ ọ̀rọ̀ sí lára pa ojú rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni “OPENED BY EXAMINER” àti nọ́ńbà ẹni tó kà á. Bébà yìí kò yàtọ̀ sí ilà ojú tí a fi ń mọ ọmọ Yàgbà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá bó o kúrò ti sọ àpòòwé náà di aláìnílé. Bí omi bá kan án, gọ́ọ̀mù yóò yọ́, yíǹkì òǹtẹ̀ lè ṣàn, kò sì sí ẹni tí yóò lè tún un ṣe.

Àìsí sítáǹpù kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Àwọn ọmọ ogun wa tó wà nínú Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jagun ní Bọ́mà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ọmọ ogun ni ó sì ń lọ láìsí sítáǹpù nígbà náà, tí a kàn kọ “On Active Service” sí iwájú rẹ̀. Ọ̀gá wọn ló máa ń kọ́kọ́ ka lẹ́tà, tí yóò fọwọ́ sí igun àpòòwé, nítorí náà wo igun ìsàlẹ̀ dáadáa. Má retí pé ìwọ yóò rí orúkọ ìlú lára òǹtẹ̀. Nọ́ńbà pósọ́fíìsì ojú ogun ni wọ́n ń lò, torí ọ̀tá kò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà.

Ní ti lẹ́tà Enúgu, kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tó padà ní 1967 ni ogun dá padà. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kéde Bìáfírà, ọjọ́ 6 oṣù Keje ni ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì tí bàbá rẹ ti fi í ránṣẹ́ bá ṣáájú ọjọ́ méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí ti kó kúrò nílé náà ni. Wá òǹtẹ̀ kejì tó ní ọjọ́ ìpadà, ilà tí wọ́n fi pa àdírẹ́sì rẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ pósọ́fíìsì kọ nípa ìdí tí kò fi dé. Bí ìdí náà bá hàn kedere, orí rẹ gbe ọ́.

Ayédèrú wà ní ọjà o. Ẹnìkan gbé “lẹ́tà ogun Bìáfírà” wá bá mi, kọ́bọ̀ ló wà lára sítáǹpù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé; ṣílè àti pẹ́nì ni a ń ná lásìkò ogun náà. Sítáǹpù tí Bìáfírà fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò jáde títí di oṣù Kejì 1968, nítorí náà bí ẹ bá rí i pẹ̀lú òǹtẹ̀ 1967, irọ́ ni.

Ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn méjèèjì. Bí lẹ́tà bá wà nínú àpòòwé, má pín wọn níyà. Kó wọn sínú bébà mímọ́ gbígbẹ, kí o tẹ́ wọn sáàárín ìwé ẹlẹ́yìn líle, jìnnà sí ìkán àti ògiri tó ń tutù lásìkò òjò. Má lo sẹ̀lótéèpù, má fi bírò kọ ohunkóhun sí i, jọ̀wọ́, má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi náílọ́ọ̀nù gbígbóná bo ìwé ẹ̀rí. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ run.

N kò ní dá iye lé e, nítorí n kò rí i lójúkorojú, ẹnikẹ́ni tó bá sì dá iye lé e láti orí fóònù, ṣọ́ra fún un. Nǹkan ẹbí sì ni. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá àgbà rẹ ní ẹ̀tọ́ sí àpòòwé Bọ́mà náà bíi tìrẹ, nítorí náà pè wọ́n jọ kí o tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iwájú rẹ̀ nìkan ni o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Fi ti ẹ̀yìn náà ránṣẹ́, kí n lè ka nọ́ńbà ara òǹtẹ̀ tó bá wà níbẹ̀.