Lọ́jíìkì kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń há sórí o

Àbúrò, o ní Law lo fẹ́, fìlọ́sọ́fì ni wọ́n fún ẹ, pé o rí lọ́jíìkì àti game theory (ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń pinnu nígbà tí èrè ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpinnu àwọn ẹlòmíì) nínú kọ́ọ̀sì yín, ìṣirò ò sì yé ẹ láti sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé kó o sá ni. Má sá jàre. Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí gba kárí-ófà nínú lọ́jíìkì ní 200 level, kì í sì í ṣe pé mi ò kàwé o, mo kà á bí ẹni máa kú, àmọ́ ńṣe ni mo há gbogbo ẹ̀ sórí bí mo ṣe há Government fún WAEC. Modus ponens, modus tollens, àwọn òfin lọ́jíìkì yẹn, mo lè kà á fún ẹ lójú oorun. Wọ́n wá gbé ìbéèrè tí mi ò rí rí síwájú mi, bírò kàn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi ni.

"Bí èyí bá rí báyìí, tọ̀hún á rí báyìí" ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Lẹ́kíṣọ́rà ní tí apá àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ irọ́, gbólóhùn yẹn lódindi di òótọ́, mo ní irú wèrè wo leléyìí. Ẹ̀gbọ́n kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló là á yé mi: bàbá ẹ ní bó o bá páàsì òun á ra fóònù fún ẹ. O wá féèlì. Ó rà á o, kò rà á o, ta ló máa pè é ní òpùrọ́? Àfi tó o bá páàsì tí kò rà á. Ó tán! Láti ọjọ́ yẹn, truth table (àtẹ tó ń fi hàn ìgbà tí gbólóhùn jẹ́ òótọ́ àti ìgbà tó jẹ́ irọ́) méjì lójúmọ́, ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́, lẹ́tà kan dúró fún gbólóhùn kan, lẹ́tà mẹ́ta ìlà 8, lẹ́tà mẹ́rin ìlà 16, mi ò sì fo ìlà kankan torí ibẹ̀ ni máàkì ti ń jábọ́. Má sì yí gbólóhùn "bí èyí, tọ̀hún" yẹn sẹ́yìn o: bí òjò bá rọ̀ ilẹ̀ á tutù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó tutù lè jẹ́ omi aṣọ tí wọ́n fọ̀.

Ní ti game theory, wọ́n á sọ ti ẹlẹ́wọ̀n méjì fún ẹ, tí kálukú á dá pinnu bóyá kóun tú àṣírí èkejì, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ yàrá wa ló yé èmi jù. Àwa mẹ́rin ni. Ká ní ₦1,000 tẹ́nì kan bá dá fún epo, iná tó máa tàn tó ₦500 lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Bí gbogbo wa bá dá a, kálukú jẹ ₦2,000, èrè ₦1,000. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́ta bá dá a, témi wá ṣe bí ẹni pé wọn ò tíì fowó ránṣẹ́ sí mi látilé, ₦1,500 lọ́fẹ̀ẹ́! Gbogbo wa la gbọ́n bẹ́ẹ̀, la bá jókòó sókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe pé ìwà wa burú (ó dáa, ti ẹnì kan burú), Nash equilibrium nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jèrè tó bá dá nìkan yí ìpinnu tiẹ̀ padà. Ìgbà tá a ní ẹni tí ò bá dáwó ò ní cháájì fóònù ni gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, torí cháájì nìkan ju ₦500 lọ lójú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìṣirò tó wà níbẹ̀ ò ju àròpọ̀ àti èwo ló pọ̀ jù lọ, títí tó o máa fi dé mixed strategy, ìyẹn kéèyàn máa yan ohun tó máa ṣe bí ẹni ju dáísì. Simultaneous equation ti SS2 lo máa lò níbẹ̀, wá ìwé ẹ̀ jáde báyìí kí sẹ̀mẹ́sítà tó wọlé.