Àyà mi ń já ṣàdédé, ṣé ikú ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, àyà mi á kàn máa lù kìkìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, mi ò ní lè mí dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kóńgò bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú kọ́sítọ́mà. Dókítà ní ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan, àwọn ará ilé ní ayé ni.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó ti ṣe èmi náà rí nínú mọ́tò tó ń lọ Ṣàgámù, mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀ lójú títì, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. O ò ya wèrè o. Panic attack ni wọ́n ń pè é, ara ló ń rò pé ewu wà níbi tí kò sí, ló bá tú adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde tí ẹ̀rù bá bà á, sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń jẹ́ káyà máa lù bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, á wá máa rọlẹ̀. Tó bá dé, má sáré kúrò, jókòó, rọra fa èémí símú, kí mímí jáde gùn ju fífà sínú lọ, wá ki ọwọ́ bọ gàrí ẹ, fìka pa á, kíyè sí bó ṣe gbẹ, bó ṣe kúnná, òórùn kíkan ẹ̀. Jọ̀ọ́, dín kọfí àti ẹnajì dríǹkì kù. Tó bá ń padà wá ṣáá, lọ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n wà ní OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ṣàgámù, wọ́n wà l'Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, ìtọ́jú ẹ̀ wà dáadáa. Má fowó gàrí ṣètùtù.